Fèrèsé Ẹyin

Kòkòrò ni wọ́n ń pe ọkọ̀ yẹn ní Leer.
Ìjàpá ni mo pè é; Enno rẹ́rìn-ín,
ó ní tèmi bá a mu jù,
nítorí kòkòrò a máa fò.

Ọdún mẹ́sàn-án ló fi wá a.
Ọkùnrin kan láti Emden wa ti ọdún méjìdínlọ́gọ́ta wá,
funfun, ó ń dán, ìjókòó rẹ̀ kò ya,
owó rẹ̀ kò sì tó èyí tí Enno ti tò jọ sínú agolo tíì.
Mo ní, Bàbá, ọgọ́ta dín mẹ́ta lẹ ń wá,
ọgọ́ta dín méjì rè é,
ẹyọ kan péré ló wà láàárín wọn,
ẹ gbà á kí òjò tó tún dé.
Ó rìn yí i ká. Ó dúró lẹ́yìn rẹ̀,
ó wo fèrèsé ẹ̀yìn, onígun mẹ́rin,
tó rí gbogbo títì.
"Ó fẹ̀ jù."
Ọ̀rọ̀ parí. Tomke ìyàwó rẹ̀ gbé omi kaná,
kò wo ojú ẹnikẹ́ni nínú wa.

Abà kan lẹ́yìn Greetsiel la ti rí i nígbẹ̀yìn,
lábẹ́ koríko gbígbẹ àti àwọ̀n apẹja,
adìẹ kan ti yé sórí ìjókòó rẹ̀.
Wọ́n ní ìjàpá kì í ti àjò dé àfi tó bá tẹ́;
eléyìí ò lọ síbì kankan,
ilé ló jókòó sí tí ìpáàrà fi jẹ ẹ́ nídìí.
Ṣùgbọ́n fèrèsé ẹ̀yìn rí roboto, ó gùn díẹ̀,
bí ẹyin tó dùbúlẹ̀.
Enno fi àtàǹpàkò nu eruku ibẹ̀,
kò tíì béèrè bóyá ó ní ẹ́ńjìnnì.

(Ó ní. Eku ló ń gbé inú rẹ̀.)

Ìgbà òtútù mẹ́ta.
Àkàbà ni mo fẹ́ yá wọn lọ́jọ́ kan,
mo bá di ẹni tó ń di tọ́ọ̀ṣì mú.
Ó ń gé irin, ó ń jó irin,
nọ́ọ̀tù tó bá ti ọdún mìíràn wá, á dá a padà.
Ọkọ̀ náà kò ní ago epo;
igi pẹlẹbẹ la ń tì bọnú táǹkì
bí ẹni ń wọn kànga.
Tó bá fẹ́ yà, apá pupa kékeré kan
á yọ láti ara òpó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀,
bí ọwọ́ ọmọléèwé tó mọ ìdáhùn.

Ojú Enno kò dúró de iṣẹ́ náà.
Oṣù tí a kùn ún ní àwọ̀ òkun ọjọ́ òjò
ni dókítà ní kó má wakọ̀ mọ́.
Tomke ló wà á jáde.
Enno kò jókòó síwájú:
ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin kúnlẹ̀ sórí ìjókòó ẹ̀yìn,
ó kẹ̀yìn sí ibi tí à ń lọ.

A dé ìsàlẹ̀ odi tó ń dá òkun dúró.
"Ibí ni bàbá mi dúró sí.
Ìyá mi ò bojú wẹ̀yìn. Èmi ni mo wò ó.
Ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò.
Ó kéré tó igi ìṣáná, ó kéré tó èèrà,
lẹ́yìn náà ojú ọ̀run nìkan ló kù nínú rẹ̀."
Ó fọwọ́ kan etí gíláàsì.

Mo bá a wo ẹ̀yìn:
àgùntàn mẹ́ta, ọ̀nà tó tutù.
Tomke ní, "Kí lo rí?"
"Gíláàsì," ó ní. "Ó mọ́."

Ní oríta, apá pupa yọ, kò wọlé mọ́.
Tomke gbá òpó náà ní ẹ̀ṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.
Pàbó. Bẹ́ẹ̀ la ṣe lọ délé,
tí apá náà nà síta gbọnrangandan,
tí àwọn tó wà lẹ́yìn ń fun fèrè mọ́ wa
pé ṣé a ó yà ni, àbí a ò níí yà.