Ẹ̀rọ Tó Ń Wẹ Epo

Oṣù Ẹrẹ́nà ni, ní Kàbà,
ìgbà tí páànù ń ké lórí ilé lọ́sàn-án gangan,
tí ajá ń gbẹ́lẹ̀ lábẹ́ ìkòkò omi kó tó sùn.
Ọkọ̀ sìmẹ́ńtì ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà wa,
eruku rẹ̀ ń wọlé, kì í kan ilẹ̀kùn,
ó wọnú fáànù kọ̀ǹpútà Ìbítóyè,
ó jókòó síbẹ̀ bí àna tó wá kí ni tí kò fẹ́ lọ.

Ẹ̀rọ náà á ṣiṣẹ́ díẹ̀, á dákú.
Á tún jí, á tún dákú.
Ọkùnrin tó mú àwòrán bàbá rẹ̀ wá
fún ìwé ètò ìsìnkú ń wo aago.
Ayárabíàṣá ni wọ́n ń pè é.
Àṣá wo ló ń sinmi lẹ́ẹ̀mẹfà
kó tó gbé òròmọdìẹ kan?

Ìbítóyè lọ sílé oògùn Màmá Mẹ́tíboba,
ó ní kí wọ́n kó gbogbo párafíìnì orí pẹpẹ fún òun,
èyí tí à ń mu nígbà tí inú bá le.
Obìnrin náà wò ó látòkè délẹ̀:
“Ọ̀kun o, ọmọ mi.
Èèyàn mélòó ni kò rí ìgbẹ́ yà nílé yín?”

Ìgò mẹ́tàdínlógójì. Mo kà wọ́n.
Ó dà wọ́n sínú àpótí gíláàsì
tí ẹja ń gbé tẹ́lẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì kan tó ti kógbá sílé,
ó gbé ìfun ẹ̀rọ, ó rì í sínú epo
pẹ̀lú wáyà, pẹ̀lú fáànù,
pẹ̀lú iná aláwọ̀ ewé tó ń ṣẹ́jú.
Mo figbe ta: “Iná! Ìwọ ọmọ yìí, iná!”
Ó ní, “Ìyá mi, omi ni olófòófó.
Epo yìí kì í gbé ọ̀rọ̀ iná kiri.”
Apá tó ń rántí nǹkan nìkan ló so kọ́ sókè,
ó ní ó ń mí,
bí a ṣe ń gbé orí ọmọ tuntun kúrò nínú omi ìwẹ̀.

Fáànù ń yí nínú epo, jẹ́jẹ́,
bí arúgbó tó ń rìn nínú pọ̀tọ̀pọ́tọ̀.
Kò pariwo mọ́.
Ìdákẹ́jẹ́ náà ló dẹ́rù bà mí.

Nírọ̀lẹ́, àwọn àgbà àdúgbò dé pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì.
Ọdún méjì rèé tí olè ti fa epo tiransifọ́mà wa gbẹ lóru kan.
Bàbá Jẹ́mirìn tẹ ìka bọ inú gíláàsì,
ó gbóòórùn rẹ̀, ó tọ́ ọ wò.
A dúró.
“Párafíìnì ni,” ó ní. Ó nu ìka sí bùbá.
“Ọjọ́ kẹta rèé tí mo ti ń wá a rà. Wọ́n ní ó ti tán.”

N kò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀:
ọmọ ọdún méjì ni Ìbítóyè nígbà tí gìrì mú un,
ojú rẹ̀ yí, eyín rẹ̀ há mọ́ra gbagidi,
kò sí mọ́tò tó ń lọ sí Ẹ̀gbẹ́ lóru yẹn.
Àdín ni mo fi pa á lára, láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀,
àdín dúdú tí òórùn rẹ̀ kì í kúrò lára aṣọ,
títí àkùkọ fi kọ.
Nígbà tí ara rẹ̀ rọ̀,
n kò mọ̀ bóyá epo ni, tàbí òwúrọ̀.

Epo inú gíláàsì kò tutù títí ayé o.
Bó bá di ọ̀sán, òun náà á lọ́ wọ́ọ́rọ́;
ọmọ mi ti ń wá radiétọ̀ Pijó lọ́dọ̀ mẹkáníìkì.
Ó tún ń gun wáyà jáde, díẹ̀díẹ̀, bí èèrà,
ó ti ba ìwé ètò ìsìnkú mẹ́rin jẹ́,
ojú olóògbé ń dán bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ para.
Mo ń fi àkísà nù ún.
Lóru, bó bá pa jẹnẹrétọ̀ tó sùn,
mo máa ń fọwọ́ kan ara gíláàsì náà,
ẹ̀yìn ọwọ́, kì í ṣe àtẹ́lẹwọ́,
bí a ṣe ń wo ibà lára ọmọ.