Òpó Orí Òrùlé

Lórí òrùlé wa ní Èbúté Mẹ́tta
Fẹ́hìntọlá, àbúrò bàbá mi, so páìpù bàbà mọ́ òpó táǹkì omi.
Bátìrì ọkọ̀ méjì, rédíò takisí tó kú tó tún jí,
wáyà tó lọ́ bí ìfun ewúrẹ́.
"Má fọwọ́ kàn án o, iná ń gbéni níbẹ̀."

Fóònù ọ̀hún wúwo bíi bíríkì.
Inú àpótí aṣọ ìyàwó ló ti ń sùn
látọdún tí wọ́n ti pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀.
Wọn ò sọ fún un.
A tàn án, ó tún ń wá ohun tó ń wá lọ́jọ́ náà,
ó wá a, ó wá a,
àfi fìrì, ìlà kan dìde lójú rẹ̀
bí irun ọwọ́ ẹni tí wọ́n pè lórúkọ látẹ̀yìn.

Ó pe Àyọ̀ká ní kíṣìnnì ìsàlẹ̀.
Ohùn ń ta ṣàṣà bí òróró gbígbóná:
"Iyọ̀ ti tán o, ẹ̀yin ará òkè!"
Kí a tó fèsì, Bàbá Rúkà ti ké láti ojúlé kejì,
"Ẹ rán ọmọ wá, a ní!"
Rédíò rẹ̀ ti gbé gbogbo ọ̀rọ̀.
Ohùn ayé ìgbà yẹn kì í wọṣọ jáde.

A rẹ́rìn-ín títí òjò fi ṣú.
Mo nawọ́ sí súìṣì,
ó di ọwọ́ mi mú.
"Dúró ná. Lọ́jọ́sí, wọ́n kàn pa á ni."
Ó gbé fóònù sẹ́nu, kò tẹ nọ́ńbà kankan,
ó ní, "Ó dàárọ̀ o."

Ìgbà náà ni mo pa á.
Ìlà yẹn pẹ́ díẹ̀ kó tó wọlẹ̀.