Ohun Tí Dókítà Kwásáù Rọ Sí Mi Lẹ́nu

Ọdún tí ọkọ̀ ojú irin ṣì ń dé Kàúrà Nàmódà,
tí mo ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún èrò ní Sááríà,
òkúta inú túwó ló kọ́kọ́ sán eyín mi,
kòkòrò wá bá a níbẹ̀, ó kọ́lé.
Òru mẹ́ta, mo ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ògiri tútù.
Wànzámì ti na ẹ̀mú: "Náírà méjì, màá fà á tu."

Mo gba Kàdúná lọ.

Obìnrin kúkúrú, ọmọ Zángò Kàtáfù,
ó fi ẹ̀rọ gbẹ́ ibi tó rà kúrò
bí ẹni ń gé ojú iṣu tó ti jẹrà.
Ó mú kí ìsàlẹ̀ ihò náà fẹ̀ ju ẹnu rẹ̀ lọ,
"kí ohun tó bá wọlé má baà rọ́nà jáde."
Ó da ìyẹ̀fun sínú odó tí kò tó ìkúùkù:
fàdákà, bàbà díẹ̀,
tíìnì, irú èyí tí wọ́n ń wà ní Jọ́ọ̀sì.
Ó kán mẹ́kúrì lé e,
omi tí kì í rin aṣọ, irin tí kò gbà láti dúró.
Ó gún un. Ó dì í sáṣọ, ó fún un bí ẹni ń fún ògì.
"Tètè," ló ń sọ fún ọwọ́ ara rẹ̀,
nítorí ó rọ̀ bí ẹ̀bà nísinsìnyí,
tó bá ṣe díẹ̀ sí i, òkúta ni.
Bó ti ń tẹ̀ ẹ́ wọ ihò, irin náà ń ké lábẹ́lẹ̀
bí iyanrìn lábẹ́ bàtà.
"Má fi apá ibẹ̀ jẹ nǹkan kan di ọ̀la. Goro pàápàá."

Mo gbọ́. Goro nìkan ló ṣòro.

Ó dúdú nígbà tó yá, bí ìdí ìkòkò,
ṣùgbọ́n kò yẹ̀. Kìlíṣí, eegun, àgbàdo sísun,
ó ń lọ̀ wọ́n.
Ọyẹ́ nìkan ló ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́:
omi àárọ̀ á kan irin, irin á ti ránṣẹ́ sí iṣan
kí n tó gbé e mì.
Irin kì í bá èèyàn pa àṣírí òtútù mọ́.

Mo lọ Mẹ́kà. Mo ná owó tó ṣẹ́kù,
mo fi wúrà bo eyín òkè tó dojú kọ ọ́,
kí wọ́n lè mọ̀ ní Sábó pé mo débẹ̀.
Bí mo ṣe pa eyín dé báyìí, ẹ gbà mí!
Mànàmáná. Lẹ́nu èmi Búsàrí.
Wọ́n ní ahọ́n àti eyín a máa jà;
ta ló sọ fún mi pé wúrà àti fàdákà
a máa sán ààrá síra wọn?
Dókítà Kwásáù rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀:
"Irin méjì, itọ́ láàárín. Bátìrì lò ń gbé kiri.
Ní sùúrù. Wọn yóò mojú ara wọn."
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n mojú ara wọn.

Báyìí, ní Gwàrímpà, lẹ́bàá ilé ọmọ mi Sàmíátù,
dókítà ọmọdé kan tan iná sí mi lẹ́nu.
Ó ní ayé ti ń fi mẹ́kúrì sílẹ̀,
ó ń ba odò jẹ́, ó ń wọ inú ẹja;
funfun ló wà lóde, funfun tó bá eyín mu.
N kò bá a jiyàn. Òótọ́ lè wà lẹ́nu ọmọ.
Ó fi ṣóńṣó irin tọ etí rẹ̀ yíká,
ó ń wá ibi tó ti là.
Ó padà, ó tún yí i ká.
Ó dákẹ́.
"Bàbá, ta ló rọ èyí?"

Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣì wà lẹ́nu mi.