Irínwó Ó Lé Mẹ́rin

Aago mẹ́ta òru ní Oulu. Yìnyín ń bọ́ láìdún.
Aulikki tún rán ìbéèrè náà sí sáfà,
ó tún padà dé, òfo ló mú bọ̀:
irínwó ó lé mẹ́rin. A ò mọ ẹni tí ẹ ń wá.

Wọ́n ní ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.
Èyí béèrè, ó sì ṣìnà.

Ó ka kóòdù Java náà bí ẹni ń ka lẹ́tà ìyá rẹ̀,
lẹ́tà ńlá, lẹ́tà kékeré.
Ó pa ẹ̀rọ, ó tàn án. Kọfí ti tutù.
Kò rí àṣìṣe.

Àfi ìgbà tó bi ara rẹ̀:
ta tilẹ̀ ló ń dá mi lóhùn?

Lẹ́nu ọ̀nà ẹgbàárin ó lé ọgọ́rin
áàpù àtijọ́ kan ṣì jókòó,
èyí tí Veijo kọ fún àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi
kó tó fẹ̀yìn tì. Kò sẹ́ni tó rántí pa á.
Ọdún mẹ́fà ló ti ń ṣọ́ ilẹ̀kùn,
tó ń fi sùúrù sọ fún gbogbo ẹni tó kànkùn
pé òun ò mọ̀ wọ́n. Òótọ́ ló sì ń sọ.

Tuntun wà lójúlé kejì, ó ń retí àlejò.

Aulikki yí òǹkà kan péré: òdo di ọ̀kan.
Igba, ni sáfà wí.
Igba. Ó ti dé.

Ó yẹ kó pa arúgbó yẹn báyìí.
Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí bọ́tìnnì.
“Ó dàárọ̀ o,” ló wí fún un,
ó wá ìbọ̀wọ́ rẹ̀.