Gbèsè Wàrà

Màlúù mẹ́ta jẹ ẹ̀gẹ́ Agboọlá lóru, létí odò Ọ̀pàrà.
Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn ọmọkùnrin ti ń pọ́n àdá
lára àpáta Ṣábẹ̀ẹ́.
Mo ń gbọ́ ọ: ṣẹ̀ẹ́, ṣẹ̀ẹ́.

Ìyá mi àgbà, Àwẹ̀ró, kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn.
Ó ní kí n gbé àpótí tẹ̀lé òun
lọ sí gàá, lọ́dọ̀ Dáádò.

"Wàrà mélòó ni mo jẹ ọ́?"
Dáádò ka ilà èédú lára igbá: mẹ́sàn-án.
"Èlùbọ́ tèmi lọ́wọ́ rẹ ńkọ́?"
Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó sanwó.
Bí a bá san án tán, kí ni yóò mú wa padà wá?

Àlà oko ni wọ́n jókòó sí,
àpótí kan, ìdí méjì.
Aládàá dé, ọlọ́pàá-màlúù dé,
wọ́n dúró gbagidi:
ta ni yóò gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí ìyá rẹ̀?

Agboọlá ṣì fẹ́ owó ẹ̀gẹ́ rẹ̀.
Àwẹ̀ró dá iye lé e, Dáádò já a wálẹ̀
bí ẹni ń ná wàrà.

Lálẹ́, èmi ni mo fa ilà kẹwàá.