Ẹlẹ́sẹ̀ Kan

Ọjọ́bọ̀. Òjò wínníwínní Takómà ò dá.
A jókòó yí tábìlì ká lábẹ́ ilé ìkàwé,
àwa mẹ́fà tí dókítà ní ká máa fọwọ́ ṣe nǹkan.
Orúnkún òsì mi wà lórí àga kejì bí àlejò.

Fumiye Ogata ni olùkọ́ wa, ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin.
Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti gbọ́ orúkọ náà lédè mi:
Fún mi yè.
Mo sọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí awò ojú rẹ̀ fi já sínú amọ̀.

Lónìí ó gbé àwòrán ère kan kalẹ̀,
láti ilẹ̀ àwọn baba rẹ̀,
èyí tí wọ́n mọ kí ẹnikẹ́ni tó gbin ìrẹsì níbẹ̀.
Ojú rẹ̀ wú, ó dì, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan láàárín,
bí ojú ọmọ tó ń díbọ́n oorun.
Ìdí rẹ̀ gbòòrò. Ẹsẹ̀ kan ò sí.

"Ta ló ṣẹ́ ẹ?" Wẹ́ńdẹ́ẹ̀lì ló bèèrè,
ẹni tó fi ogójì ọdún jó irin mọ́ ọkọ̀ ojú omi.
"Àwọn kan ní wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣẹ́ ẹ ni,
kí àìsàn lè bá ẹsẹ̀ amọ̀ lọ.
Àwọn kan ní nítorí ọmọ bíbí ni.
Àwọn tó mọ̀ ọ́n ò fi ìwé sílẹ̀."

Ó lọ́ okùn pọ̀, ó tẹ́ ẹ sórí amọ̀ tútù,
ó fi àtẹ́lẹwọ́ yí i lọ, yí i bọ̀.
Àpá okùn yọ.
Ọwọ́ mi dúró.
Ìyá ìyá mi ní Ìpetumodù:
okùn yìí náà, ìyílọ yìí náà,
lọ́rùn ìkòkò omi.
Ta ló kọ́ ta? Kò sẹ́ni tó kọ́ ẹnì kan.
Amọ̀ rọ̀, okùn ń bẹ nílé,
ọwọ́ ò sì fẹ́ jókòó lásán.

Mo mọ tèmi: ikùn, ọmú, orúnkún méjì.
Ó bá mi sun ún. Lọ́sẹ̀ kejì ó gbé e lé mi lọ́wọ́:
"Ó kù sí ọ lọ́wọ́."
Mo di ẹsẹ̀ òsì mú.
Ó dún bí ìgbà téèyàn ṣẹ́ egungun ẹja gbígbẹ.

Orúnkún mi ṣì ń dùn mí. Mi ò ní purọ́.
Mo gun àtẹ̀gùn náà díẹ̀díẹ̀, mo di irin mú,
ẹsẹ̀ amọ̀ ń lu kọ́kọ́rọ́ nínú àpò mi.
Èyí tó kù fara ti ife tíì lójú fèrèsé,
ó ń fi ojú dídì wo òjò.
Kò tíì ṣubú.