Awọ Ìka Mẹ́ta

Nínú agolo bísíkíìtì tí ìdí rẹ̀ ti dípẹtà
ni mo ti bá a, lábẹ́ ibùsùn ìyá àgbà ní Òkèlísà,
ọdún kan lẹ́yìn ìsìnkú:
ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ọwọ́, híhun ni, kì í ṣe sínsín lásán,
búlúù, funfun, pupa bí ogbe àkùkọ,
ìlà méje, ojú kọ̀ọ̀kan di ojú ẹgbẹ́ rẹ̀ mú.
Ó hun ún tán. Kò parí rẹ̀.
Òwú méje létí ọ̀tún, méje létí òsì,
ń fì bí irùngbọ̀n ewúrẹ́.

Ní ilé wa, bàbá àgbà ta kòkó,
ìyá àgbà ta kókó.
Èyí tí bàbá tà, ó wọ ọkọ̀ lọ síbi tí a kò mọ̀;
èyí tí ìyá ta, ó wà lọ́rùn, ó wà lọ́wọ́, kò tú.
Ti inú agolo yìí nìkan ni kò ta.

Mo mú un lọ bá Akíndúró, aránbàtà ẹ̀bá ọ̀nà Yába.
Ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó wò ó títí.
"Irin ni wọ́n ń fi sí i nísinsìnyí," ó ní,
"ìkọ́ kékeré tó ń dán. Irin a máa jẹ òwú.
Awọ ni kí o fi sí i.
Awọ mọ ara, nítorí ara lòun náà tẹ́lẹ̀."

Ó gé awọ ewúrẹ́, ó na òòlu sí mi,
ó ní òun kò ní í bá mi ṣe é.
Mo rẹ awọ sómi di ìrọ̀lẹ́.
Mo ṣẹ́ ẹ po bí ètè tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tó tún pa á mọ́,
mo tẹ́ òwú méje sí àárín rẹ̀, ọ̀kan kò gun ọ̀kan,
mo lu ihò. Òòlu yọ̀, ó bọ́ sí mi ní àtàǹpàkò.
Akíndúró kò gbójú sókè:
"Ó ti mọ̀ ọ́ báyìí."

Mo fi ìda oyin pa òwú, mo fà á gba ihò lọ,
mo fà á gba ihò bọ̀.
"Má fà á le jù. Ohun tó le jù ló ń já.
Má sì dẹ̀ ẹ́ jù, kí ìlẹ̀kẹ̀ má baà máa yọjú síta
bí ọmọ tó fẹ́ sá."
Lẹ́yìn náà ló wá bi mí:
"Ọwọ́ ta ni ìyá yín wọ̀n?"

N kò mọ̀. Mo fi yí ọrùn ọwọ́ mi.
Kò ká a. Ó ku ìka mẹ́ta.
Mo tún un yí, bí ẹni tó ń ka owó tí kò pé.
Àfi bí mo ṣe rí ara mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ,
tí mo na ọwọ́ lẹ́nu ọ̀nà,
tí ìyá àgbà fi imọ̀ ọ̀pẹ wọ̀n ọ́n,
tó fi eyín gé imọ̀ náà.
"Tó bá di Ọjọ́ Àìkú, wá gbà á."
Kó tó di Ọjọ́ Àìkú, òun àti ìyá mi ti jà,
lórí kí ni, ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi títí dòní;
a kó ẹrù wọ ọkọ̀ Àkúrẹ́ lóru,
mo ń wo ẹ̀yìn títí iná Oǹdó fi di ẹyọ ìlẹ̀kẹ̀ kan,
tó sì kú.

Wọ́n ní ìlẹ̀kẹ̀ ìbáà já sílé, ìbáà já síta,
ibì kan náà ni yóò já sí.
Èyí kò já. Ó jókòó sínú agolo,
ọwọ́ ń dàgbà ní Àkúrẹ́, kò gbọ́.

Mo fi awọ kún un:
ìka kan àtààbọ̀ níhìn-ín, ìka kan àtààbọ̀ lọ́hùn-ún,
ìyókù fún síso.
"Á kọ́kọ́ le díẹ̀," Akíndúró ní. "Òógùn rẹ ni yóò rọ̀ ọ́."

Ọwọ́ kan kì í dá okùn so mọ́ èkejì.
Mo fi eyín mú etí awọ;
ó korò, ó ń rùn bí ewúrẹ́ tí òjò pa.
Níta, ẹnìkan ń kó kòkó kúrò lórí ẹní, ilẹ̀ ti ń ṣú.
Mo fà á.
Mo ta kókó.